Ọ̀kadà Oníná Méjì àti Ẹ̀gbọ́n Tí Kì í Dáhùn Ìkíni

Mi ò fẹ́ràn kí n kí ènìyàn kí ó má dáhùn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, Agége ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ mi kò ní ti Èkó nínú rárá: o jí, o kí; wọ́n kí ọ, o dáhùn. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, yálà ó ń bá ọ bínú ni, tàbí ó ń fojú di ọ́. Mi ò mọ ẹ̀kẹta. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n kan dé ibi iṣẹ́ wa, tí mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o," tí ó kọ ẹ̀yìn sí mi, tí ó ń di okùn ọ̀kadà rẹ̀ lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́, inú bí mi. Lọ́jọ́ kẹta ó dáhùn, ó tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹrin kò dáhùn. Mo ní háà, bàbá yìí ní ọjọ́ tí ìkíni máa ń wù ú!

Ẹran ni à ń gbé. Màdáámú wa, obìnrin Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ní ṣọ́ọ̀bù ẹran náà. Láràárọ̀ a ó lọ sí Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, a ó gba ẹran tí wọ́n ti gé, a ó kó o sínú kúlà ńlá tí a dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, a ó sì gbé e lọ fún àwọn ilé oúnjẹ ní Ìkejà àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ wọn. Ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà tó ń gbé èrò ládùúgbò wa. Àwa ò gbé èrò, ẹrù la ń gbé. Àwa mẹ́ta là ń gùn ún: èmi tí wọ́n fi ṣe olórí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti ẹ̀gbọ́n yìí, ará Èkìtì bíi Màdáámú, tó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ.

Kì í ṣe ti ìkíni nìkan. Kì í gbé fóònù. Bí oníbàárà bá pè é, á jẹ́ kó dún títí tí yóò fi kú, á wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ fún òun. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Bí ẹni pé lọ́yà ni. Bí a bá jókòó jẹun lọ́sàn-án, tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dápàárá, ìgbà tí ẹ̀rín tiwa bá parí ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lójú títì, ojú rẹ̀ kì í kúrò nínú jígí ọ̀kadà rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìyàwó tuntun ni, pé ó ń wò bóyá tìróò òun kò tíì yọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tún fi tèmi lé e. Mo ní àwọn ará Èkìtì, bí agídí bá wọ̀ wọ́n lára, Ọlọ́run nìkan ló lè bá wọn bọ́ ọ. Mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé nítorí pé ará ilé rẹ̀ ni Màdáámú ló ṣe ń gbéra ga sí wa.

Nígbà tí owó epo wá di ohun tí ẹnu ò lè sọ mọ́, Màdáámú pè mí. Ó ní òun fẹ́ ra ọ̀kadà oníná, èyí tó ń lo bátìrì, tí kì í mu epo. Àwọn kan tó ń tà á ní Ìkejà ti gbà láti yá òun ní oríṣi méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a fi dán wọn wò. Oríṣi tí a bá yàn, méjì péré ni agbára òun ká, òun á sì ta gbogbo àwọn ti epo. Ọ̀kadà méjì, ènìyàn mẹ́ta.

"Ẹ̀yin lolórí wọn," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, ohun méjì lẹ máa sọ fún mi: èwo ni ká rà, àti ta ni kó lọ."

Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Mo ní, "Ti ẹni tó máa lọ ò le, Mà. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni."

Ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀ bí ìgbà tí tíṣà bá ń wo ọmọ tó na ọwọ́ kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè tán. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ gùn ún ná."

Wọ́n gbé wọn dé lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Pupa ga, àyà rẹ̀ yọ síwájú bíi ti àgbò. Ìwé tí wọ́n fi ràn án wá sọ pé ó lè sá àádọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, pé bí bátìrì rẹ̀ bá kún, ó lè rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Wọ́n de bátìrì náà mọ́ inú ara rẹ̀ níbi tó yẹ kí táǹkì epo wà, kò ṣe é yọ. Ibi tí iná bá wà lo gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kadà náà lódindi lọ, kó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún. Funfun kúrú, ó rí jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Kò lè sá ju ọgọ́ta lọ. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bíi ti kẹ́ẹ̀gì. O lè yọ ọ́, kí o gbé e wọlé. Ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé ọ dé ogójì kìlómítà. Kò ní ṣéènì; inú táyà ẹ̀yìn gan-an ni ohun tó ń yí i wà. Kí n tó gun èyíkéyìí ni mo ti yan pupa lọ́kàn mi. Èmi tí mo ti gun ọ̀kadà fún ogún ọdún, ṣé irú funfun yẹn ni mo máa gùn kọjá níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi ní Dọ̀pẹ̀mú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí gbogbo oníọ̀kadà Èkó mọ̀. Bí a bá de ẹrù tán, kí a tó gorí rẹ̀, a máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. A ó fi ẹsẹ̀ ta á kó jí, a ó wá yí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí a fi ń fún un ní eré, lẹ́ẹ̀mejì, fùùn! fùùn! kí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn yẹn ló máa sọ fún ọ bóyá ara rẹ̀ yá. Lójú ọ̀nà náà, ohùn yẹn ló ń sọ fún ọ bí eré rẹ ṣe tó. Etí la fi ń gun ọ̀kadà. Ìdí kàn ń jókòó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Oko Ọba, àádọ́rin kílò ẹran wà nínú kúlà lẹ́yìn pupa. Àwọn alápatà yí wa ká, àti àwọn Haúsá tó kó màlúù wá, àti àwọn obìnrin tó ń ná ṣàkì àti ìfun. Gbogbo wọn fẹ́ wo ọ̀kadà tí kì í mu epo. Mo ṣí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kò tíì jí. Mo pa á, mo tún un ṣí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin.

Ẹ gbà mí o! Pupa já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbé táyà iwájú sókè, ó kọlu tábìlì alápatà kan, ó sì da kúlà sínú gọ́tà. Àádọ́rin kílò ẹran nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù! Gbogbo Oko Ọba hó yèè. Alápatà tí mo wó tábìlì rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o, a ti pa á tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní láti tún un pa!" Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí jókòó sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òun náà ṣe ohun kan náà pẹ̀lú funfun, àmọ́ funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìgbáròkó rẹ̀ ló fi dá a dúró, ó sì ń tiro títí di ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n Èkìtì ló bá mi kó ẹran náà jáde, ẹran tí àwọn tó ń sin ajá nìkan ló lè rà á mọ́. Ó bá mi fọ kúlà lẹ́ẹ̀mẹta láìwí nǹkan kan. Nígbà tó wá kan òun, ó ṣí funfun, ó tẹ orí ba, ó wo ojú gíláàsì kékeré tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó rí iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé ó ti jí, ó gorí rẹ̀, ó sì lọ. Kò yí ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ohunkóhun. Mo ní nínú ara mi, ṣàṣehàn.

Láti ọjọ́ náà la ti ń gùn wọ́n kiri. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa pupa: agbára ń bẹ lára rẹ̀. Ó gun bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ wà lókè. Bí kúlà bá ti wà lẹ́yìn, táyà iwájú á máa fúyẹ́, bí o bá sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti yà, kì í fẹ́ padà bọ̀ sípò. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró sójú kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń gbé e ró, títí itan mi fi ń gbọ̀n. Bí o bá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójijì, á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní ńṣe ló ń gba iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àyà rẹ á kọ́kọ́ já. Bí oòrùn ọ̀sán bá sì mú, bátìrì náà á gbóná, pupa á wá di arúgbó lójijì.

Funfun ní tirẹ̀, bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá lára wa, àwọn èrò inú rẹ̀ ń juwọ́ sí mi. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, kò sí kòtò kan ní Agége tí ìbàdí rẹ ò ní gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Ó ń yí po láàárín èrò bí ẹni pé ó ti gbé Oko Ọba rí. Bíréèkì rẹ̀ ń mú iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, òjò rọ̀ lọ́jọ́rú, kò yọ̀. Bí bátìrì kan bá tán, o kì í dúró: o yọ ọ́, o ti èkejì bọ̀ ọ́, èyí tó tán á máa gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà Màdáámú, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ẹran.

Wàhálà kan wà lára àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ pé o ń bọ̀. Ariwo ọ̀kadà elépo ló ń lànà fún un. Ti oníná, o ti dé ẹ̀yìn ènìyàn kó tó mọ̀. Àwa náà wá ń ké bí aláàárù nínú ọjà: "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Èmi gan-an, nítorí pé mi ò gbọ́ ariwo kankan, mi ò mọ̀ pé mò ń sáré. Lójú tèmi mò ń rọra lọ; ojú gíláàsì ń pariwo pé ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà tí ìwé pupa ṣèlérí, mo jẹ ẹ́ tán ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó kú mọ́ mi nídìí lórí bíríìjì, lójú gbogbo ayé. Mo ń tì í sọ̀kalẹ̀, mo ń làágùn, mo ń bú ẹni tó ṣe é, mo ń bú ẹni tó tà á.

Ẹ̀gbọ́n ní ìwé kékeré kan. Ó ń kọ iye tí bátìrì kù sínú rẹ̀ ní Oko Ọba, ní ojú irin Agége, ní Dọ̀pẹ̀mú, ní Ìkejà, ní àlọ àti àbọ̀, ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pupa tó kú mọ́ mi nídìí yẹn, òun gbé e rin kìlómítà mẹ́tàlélọ́gọ́rin, bátìrì náà sì ṣẹ́ kù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi di Ọjọ́rú ó ti ń wo gíláàsì, ó ti ń ṣe dáadáa. Èmi nìkan ló kù. Mo ní ẹ̀gbọ́n ń rìn bí ìgbín ni, ta ló fẹ́ jẹ ẹran ọ̀la lónìí? Ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ nítumọ̀. Ìbínú ló sọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n jọ gbé ẹran lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkejà. Òun wà lórí funfun, èmi wà lórí pupa. Géètì wà ní títì, ẹ̀ṣọ́ ní kí a dúró kí òun lọ pe àwọn tó ń dáná. Òun wà níwájú, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọ̀sán ni, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú, òpópónà náà dákẹ́. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá jókòó sábẹ́ igi ní òdìkejì.

Mo ní kí n tún àárín wa ṣe. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò dáhùn. Mo tún un sọ.  Nígbà tí a ń gun ti epo, mo lè sọ pé ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo. Lónìí, ọ̀kadà méjèèjì dákẹ́ bí òkúta. Mo pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ KÚ IṢẸ́ o!" Obìnrin olómi gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ó rò pé òun ni mò ń kí. Ẹni tí mò ń kí ò yí ọrùn.

Orí mi gbóná. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi fún ọdún kan àbọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Agbéraga lásánlàsàn! Ẹni tí à ń kí láràárọ̀ tí kì í dáhùn! Sátidé yìí ni wàá kó ẹrù rẹ kúrò, mo ti bá Màdáámú sọ ọ́, àṣẹ́kù rẹ ò ní sí níbẹ̀ mọ́!" Mo fi "ìwọ" bá ẹni tó jù mí lọ sọ̀rọ̀. Mi ò ṣe é rí láyé mi.

Mo rí ojú rẹ̀ nínú jígí ọ̀kadà rẹ̀. Ó ń wò mí. Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni."

 Ṣé wọ́n lè bú ènìyàn báyìí kó tún kí ẹni tó bú u? Mo wò ó. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, mo wá sọ lábẹ́ ọwọ́ náà, kí ohùn mi sì jáde dáadáa, "Ẹ̀gbọ́n, táyà ẹ̀yìn yín ti jò." Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò wo táyà. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ mi, ó ń dúró kí n mú un kúrò.

Mo mú un kúrò. Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ mi."

Ẹ̀rín náà lọ. Ó ní, "Ohùn tó bá wà lókè, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Èyí tó kù, ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ." Ó nawọ́ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀ òpópónà náà. Ilé iṣẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó. Ó ti kógbá sílé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń gé irin, kò sí ohun kankan tí wọ́n fún un fi dí etí. Nígbà tó máa fi mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti bọ́. Ó ní iṣẹ́ ọ̀kadà yìí ló fi ń sanwó fún àbíkẹ́yìn òun obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀sẹ̀ yìí ná." Èmi ò ronú sí gbólóhùn yẹn rárá lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì. A gbé ẹran wọlé. Mi ò lè sọ bí mo ṣe délé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá yìí rò pé mò ń kí òun ni, ó sì fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Jígí tí a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀, òun ni etí rẹ̀. Fóònù tí kì í gbé, ẹ̀rín tó ń pẹ́ kó tó rín. Ohun gbogbo wà lójú mi, mi ò rí i. Mo ti kú sórí ìkíni.

Lọ́jọ́ Sátidé mo jókòó níwájú Màdáámú. Mo ní ká ra funfun, mo sì gbé ìwé ẹ̀gbọ́n kalẹ̀ fún un. Mo ní pupa dára fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ní òun nìkan. Fún ẹran, fún Oko Ọba, fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀, funfun ni.

"Ta ni kó lọ?"

Mo ní, "Mà, ohun tí mo sọ nípa ẹ̀gbọ́n, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àṣé kì í gbọ́ràn dáadáa."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀? Ọjọ́ tó wá béèrè iṣẹ́ ló ti sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi mọ́tò tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ sí Ìkejà kí n tó gbà á. Kò sí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà bíi tirẹ̀ nínú yín. Mo rò pé ó ti sọ fún yín náà. Ọdún kan àbọ̀ tí ẹ ti jọ ń jẹun, ẹ ò mọ̀?"

Ojú gbà mí tì. Kò sí ibi tí mo fẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní, "Ẹni tó da ẹran nù lèmi. Ẹni tí ọ̀kadà kú mọ́ nídìí lórí bíríìjì lèmi. Ó wà nínú ìwé yẹn, Mà, kò tilẹ̀ bò mí láṣìírí. Nínú àwa mẹ́ta, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Èmi ni kó lọ."

"Ẹ má wá ṣe akin fún mi níbí o."

"Kì í ṣe akin. Ẹ wo ìwé náà."

 Nígbà tó kà á tán, ó ní òun nílò ẹni tí yóò máa dúró ní Oko Ọba láti máa yan ẹran, kí àwọn alápatà yé fi egungun rẹ́ òun jẹ, ẹni tí yóò sì máa gbé fóònù àwọn oníbàárà. Ó ní owó iṣẹ́ náà kò tó ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Kì í ṣe pé kò dùn mí o. Ogún ọdún lórí ọ̀kadà, kí ènìyàn wá máa fi ẹsẹ̀ rìn! Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti wà ní Oko Ọba ṣáájú wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé funfun dé, mo lọ sí iwájú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yẹn, lójú àwọn alápatà. Mo dojú bolẹ̀, mo ń sọ ohun gbogbo: pé ẹ forí jì mí, pé èmi ni mo ní kí wọ́n lé yín, pé ohun tí mo sọ ní géètì kì í ṣe ìkíni, pé èébú ni. Mo sọ ọ́ tán, mo ń dúró. Kò sí èsì.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé ojú sókè. Mi ò rí ẹnu yín."

Háà. Ilẹ̀ ni mò ń bẹ̀ láti àárọ̀. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó nínú ẹyinjú, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ké àgò, kó lè gbọ́ díẹ̀ kó sì rí èyí tó kù.  Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dákẹ́. 

Ó ní, "Mo rí i lọ́jọ́ náà. Nínú jígí. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà, títí dé Sátidé."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kí mi?"

"Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ti ń kí mi láràárọ̀," ó ní. "Ọdún kan àbọ̀ ìkíni, ọ̀gá, mi ò sì dáhùn. Mo ní kí n tètè dá ọ̀kan lóhùn kí Sátidé tó dé." Ó fà mí lọ́wọ́. "Ẹ dìde. Ẹran ń gbóná."